Wọṣọ fún Omi

Tordis, fi ọkọ̀ pupa yẹn sílẹ̀.
Mo mọ̀ pé ó ń dán, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹja,
mo mọ̀ pé ọmọkùnrin tó ń tà á ti rẹ́rìn-ín sí ọ lẹ́ẹ̀mejì.
Ṣùgbọ́n àpáta Helgeland kò mọ iyì ọ̀dà.
Etí òkun wa kò ní iyanrìn tí ń gbàlejò:
òkúta ni, ìṣáwùrú ni, ohun tó ń ha ni lára ni.
Gbé oníke yìí, aláwọ̀ ọsàn tó ti ṣá.
Ó wúwo. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn rẹ yóò mọ̀
lọ́jọ́ tí o bá ń gbé e gun orí mọ́tò.
Bí àpáta bá ha á, yóò gba àpá,
kò ní là.

Jókòó sínú rẹ̀ kí o tó sanwó.
Níbí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, jẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́.
Bọ́ bàtà, na ẹsẹ̀, fi orúnkún ti òrùlé rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.
Bí ìdí bá ń dùn ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
kí lo rò pé yóò sọ ní wákàtí kẹrin?

Àjẹ̀ ni kí o náwó lé, èyí tó fúyẹ́ jù lọ.
Òkun ló ń gbé ọkọ̀; apá rẹ ni yóò gbé àjẹ̀,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí o tó dé Vega,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí o tó padà.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé lẹ́tà kiri àwọn erékùṣù yìí,
mo mọ ohun tí ẹrù kékeré ń fi èjìká ṣe.

Aṣọ wá kù.
Má yí ojú. Mo ti gbọ́ iye rẹ̀ kí ìwọ tó gbọ́.

Oṣù karùn-ún ni. Oòrùn ń ràn bí ẹni tó ń ṣe inúure.
Ẹ̀wù òwú ni mo wọ̀, mo ká ọwọ́ rẹ̀ sókè.
Mo di rédíò sínú àpò, mo ti àpò bọ ihò ẹ̀yìn ọkọ̀,
mo dé e pa, mo sì rò pé mo gbọ́n.
Ẹ̀wù ìléfòó?
Mo fi í ṣe tìmùtìmù ìdí.
Ìgbì kan ṣoṣo ni, kò tilẹ̀ tóbi,
ọkọ̀ apẹja kan fi í sílẹ̀ ó bá tirẹ̀ lọ.

Tordis, òtútù omi yẹn kì í ṣe òtútù.
Ọwọ́ ni, ó fún mi lọ́fun.
Mo fẹ́ kígbe; èémí wọlé, kò jáde.
Ìka mi di igi.
Mo ń wo ìdérí ihò náà:
rédíò mi wà lábẹ́ rẹ̀,
ó gbẹ, ó mọ́, kò wúlò.

Asbjørg, tó ń ṣọ́ ìtẹ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun, ló rí mi.
Ó ní òun ti kọ́kọ́ rò pé àkísà àwọ̀n ni.
Kò bá mi wí. Ó fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ bò mí mọ́lẹ̀,
ó bu kọfí, ó ń wo bí ife ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
Nígbà tó yá ló ní,
“Wọṣọ fún omi, ọmọ mi.
Bí o bá ṣubú, oòrùn kò ní bá ọ débẹ̀.”

Nítorí náà, wọ̀ ọ́.
Rọ́bà ọrùn rẹ̀ á fún ọ, wàá dà bí sọ́séèjì,
kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ ọ nínú rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀.
Rédíò: àyà. Fèrè: àyà, so ó mọ́ okùn.
Wọ ìbọ̀wọ́, kí o wá bá mi ṣí ìdè yìí.
O rí i? Kò ṣí. Gbé òmíràn.

Mo ti san ìdajì, má dúpẹ́.
Fọn fèrè yẹn.
Níbí ni mo wí. Jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn fò sókè.
Mo fẹ́ mọ ohùn rẹ̀ dáadáa,
kí n lè dá a mọ̀
láti ojú fèrèsé mi.