Ìwé Lórí Ikùn

Aago méje òwúrọ̀. Yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì,
ẹnikẹ́ni ò tíì dáná sí sítóòfù.
"Ẹ dùbúlẹ̀," ni Tíṣà Nedialka wí,
a sì dùbúlẹ̀ sórí pákó, ọmọbìnrin mẹ́sàn-án,
bí igi ìdáná tí wọ́n tò sẹ́yìn ilé.
Ó gbé ìwé kọ̀ọ̀kan lé wa níkùn.
Ìwé ìṣirò ló bọ́ sọ́wọ́ tèmi, ó nípọn, etí rẹ̀ ti ká.
"Ìwé ni kó gòkè, ìwé ni kó sọ̀ kalẹ̀.
Ẹni tó bá ń fi èjìká mí,
ẹrù ló ń rù, kì í ṣe orin."

Èéfín funfun ń jáde lẹ́nu wa,
bí abúlé kékeré tó ń se oúnjẹ àárọ̀.

Lẹ́yìn náà ó tan àbẹ́là.
"Fẹ́ ẹ. Má pa á.
Kí iná tẹ̀ ba bí ọmọ tó ń kí àgbà,
kó má ṣubú."
Tèmi kú lẹ́ẹ̀mẹta.
Tsvetelina, ọmọ awakọ̀ akẹ́rù,
mú tirẹ̀ dúró títí a fi ka ogójì.
Mo kórìíra rẹ̀ títí di ọ̀sán.
Mo ní màá fa gbogbo afẹ́fẹ́ òkè Rodopi sínú.
Mo fà á, mo tún fà á lé e,
ojú mi ṣú, ilẹ̀ wá pàdé mi.

Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ Tíṣà wà lábẹ́ orí mi,
ó ń rùn bí ọṣẹ àti àlùbọ́sà.
Kò bínú. Ó ní,
"Ta ló sọ fún ọ pé kò tó?
Èyí tó o ní ti tó. Ìnáwó rẹ ni kò dáa."

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Stamen, bàbá ìyá mi,
tó ń fọn gáídà, odindi awọ ewúrẹ́ lábẹ́ apá.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
Ó fẹ́ atẹ́gùn kún apò náà, ó yọ ẹnu,
ó lé ajá, ó bú mi díẹ̀,
orin ò dá.
"Ìgbọ̀nwọ́ tí kò kánjú ni," ó ní.
"Ewúrẹ́ yìí ti kú kí wọ́n tó bí ìyá rẹ,
síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n mí jù ọ́ lọ."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́,
lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn Smolyan,
pé ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ni Tíṣà fi kọ́ wa.
Wọ́n ti gé èkejì sọnù kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.
Gbogbo àbẹ́là yẹn. Gbogbo "ẹ jẹ́ kó pẹ́" yẹn.
Ìdajì ló ń ná.

Mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti di iṣẹ́ ńlá fún un.
Ó fi ìka lu ikùn lẹ́ẹ̀mejì.
Mo wá inú yàrá kiri, kò sí ìwé.
Ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé ni mo rí,
ẹnì kan ti ya ojú ewé bọ́ọ̀lù kúrò.
Mo ká a, mo gbé e lé e.

Èjìká rẹ̀ ò mira.
Ìwé ìròyìn náà dún wẹ́rẹ́, ó gòkè.
Èmi àti nọ́ọ̀sì dúró kó sọ̀ kalẹ̀.
Mo ti ka mọ́kànlá.