Lẹ́tà Mẹ́ta

Ọjọ́ kọkànlá rè é tí ọ̀rọ̀ kan ti há wa lọ́fun.
Oòrùn ò yọjú sí abúlé wa ní Girinilándì láti oṣù tó kọjá;
sítóòfù ń jó, kọfí ń tutù,
awọ séálì rọ̀ sára ògiri bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́.
Pásítọ̀ Jaakuaraq ṣí ìwé Hébérù sílẹ̀,
ìwé tí wọ́n ń kà láti ọ̀tún lọ sí òsì
bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé.
Èmi Arnannguaq ni mo jókòó ti kọ̀m̀pútà,
ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni kí n tẹ̀.
Wọn ò tíì fẹnu kò.

Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn baba wa
gba ojú fèrèsé ẹlòmíràn wo ilé náà.
Àánú ni wọ́n kọ,
ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ajá tó yarọ.
Jaakuaraq ní rárá, ká wá ìdí igi.
Ó walẹ̀ títí, ó kan gbòǹgbò:
Rẹ́ṣì, Hẹ́tì, Mẹ́mù,
lẹ́tà mẹ́ta péré, bí ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù.
Pè é báyìí, àánú Ọlọ́run ni.
Yí ohùn padà díẹ̀,
ilé-ọmọ ni, inú obìnrin,
ibi tí gbogbo wa ti kọ́kọ́ sùn.

Ó dákẹ́. Ojú ń tì í.
Ta ni yóò ka irú èyí sókè níwájú àwọn àgbà?

Uiloq agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.
Ogójì ọdún ló fi gbẹ̀bí ní etíkun yìí;
nígbà tí ìjì kò jẹ́ kí dókítà ráyè fò wá,
ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ilé ìwòsàn.
"Ẹ̀yin ọkùnrin," ó ní, "ẹ ti wa ilẹ̀ jù.
Mo mọ ibẹ̀. Mo ti fọwọ́ kàn án.
Kì í ṣe ibi jẹ́lẹ́ńkẹ́ o.
Ó ń fún, ó ń tú, ó ń fún padà,
ó ń ya kí ẹlòmíràn lè yè.
Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń ṣàánú,
a jẹ́ pé ó ń dùn Ún."

Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Jaakuaraq wá ka ìlà náà dópin:
àánú yìí, lórí gbogbo ohun tí Ó dá.
Uiloq gbójú sókè. "Gbogbo?"
"Gbogbo ni Hébérù wí, ìyá. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Nígbà náà ni a rántí Miteq,
tó sọ nínú oṣù karùn-ún pé yìnyín ṣì le,
tó mú Inuuteq, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí,
gorí òkun dídì pẹ̀lú ajá mẹ́sàn-án,
tó sì dá rìn wálé.
Yìnyín yọ́ lọ́jọ́ náà.
Ó di ọdún mẹ́fà, inú kan kò tíì yọ́.
Ogún ìṣísẹ̀ ló wà láàárín ilé méjèèjì.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀.
Ọwọ́ yẹn náà ló gbẹ̀bí Miteq:
ìwọ́ wé e lọ́rùn, kò ké,
òun ló fẹnu fẹ́ èémí sí i nímú.

"Kọ ọ́," ó wí fún mi. Lẹ́yìn náà, "Dúró.
Fi pẹ́ńsù kọ ọ́ ná."

Mo wá bébà. Mo kọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́.
Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó wọ ẹ̀wù onírun rẹ̀,
ó jáde láì pa ilẹ̀kùn dé dáadáa.
Yìnyín ti bo gíláàsì, mi ò rí ọ̀nà tó gbà.
Mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.
Mo kà á dé mẹ́rìnlá,
àwọn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó,
mi ò gbọ́ nǹkan mọ́.