Ó Ń Yọ̀ Ni, Àbí Ó Dúró?

Òkè ni gbogbo ọ̀nà ní Hálífáàsì.
Ilé ìdáná wa pàápàá dà gẹ̀rẹ́:
bí o bá gbé ẹyin sílẹ̀ lẹ́bàá síńkì,
yóò rìn lọ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Ibẹ̀ ni fíríìjì wa dákẹ́ sí
lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú oṣù Èrèlé,
tí panla yọ́, tí omi rẹ̀ ń wá ojú àtijáde.

Gbádébọ̀ ti gbé fóònù sójú.
"Igba páùn ó lé díẹ̀! Lọ́la ni wọ́n ń tà á tán."
Mo ní, sùúrù. A ò tíì mọ irú ilẹ̀kùn tí a ní.
Ó ní, irú ilẹ̀kùn wo? Ṣé ilẹ̀kùn kì í ṣe ilẹ̀kùn ni?

Láṣebìkan dé láti Brádífọ́ọ̀dù,
yìnyín lórí fìlà, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.
Kò tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí pé,
"Ilẹ̀kùn yín, ó ń yọ̀ ni, àbí ó dúró?"
Mo ní, ta ni yóò máa yọ̀
nínú ilé tí panla ti bàjẹ́?

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì.
"Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbí, ẹ̀gbọ́n.
Pákó tí ẹ̀ ń rí yìí, ti kọ́bọ́ọ̀dù ni.
Funfun tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ti fíríìjì ni.
Bí oníkálukú bá ní hínjì tirẹ̀,
ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ń so wọ́n pọ̀,
á máa lọ á máa bọ̀ nínú ojú ọ̀nà rẹ̀
bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí omi dídì.
Ìyẹn ló ń yọ̀.
Èyí tó dúró, a ó de pákó mọ́ funfun gbágbá,
hínjì fíríìjì nìkan ni yóò ru àwọn méjèèjì."

Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ike tiwa.
Ó ti kán. Ó ti pẹ́ tó ti kán.
Òwú dúdú ni wọ́n fi dì í, ìdì lórí ìdì,
òwú ìrun mi
tí mo wá títí lọ́dún Kérésì,
tí mo tìtorí ẹ̀ wo ọmọ aládùúgbò níwò olè.
Mo wo Gbádébọ̀.
Gbádébọ̀ ń wo àjà.

"Èyí tí ọ̀gá fẹ́ rà, ó ń yọ̀.
Ihò tó wà nílẹ̀ gbà á, kò ní pẹ́ mi rárá.
Ṣùgbọ́n ike ni ike. Pákó yín wúwo,
ilẹ̀ yín sì dà. Ọdún méjì,
ẹ ó tún máa wá òwú."

Mo rántí ìyá mi, tó ń bọ̀ lóṣù kẹrin,
tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì jí láti ìgbà rọpárọsẹ̀.
Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó fa pákó, pákó tẹ̀ lé e,
funfun dúró sẹ́yìn, ó pa ẹnu dé.
Ó ní, "Ilé yín yìí,
ojú fíríìjì lẹ fi ń hàn mí."
Omi ẹ̀rọ ló mu lọ́jọ́ náà.

Mo ní, èyí tó dúró ni kí o gbé wá.
Kí hínjì wà lápá ọ̀tún, kí ọwọ́ òsì rí i fà.
Ọgọ́rin páùn ló fi wọ́n ju tàkọ́kọ́ lọ.
Gbádébọ̀ mí kanlẹ̀, ó sanwó.

Láṣebìkan tú hínjì mẹ́rin kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù,
ó dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n tutù, wọ́n wúwo.
Ó fi ẹ̀pọ̀ dí ihò wọn.
Bí o bá fọwọ́ pa á, o ó mọ̀ pé nǹkan ti wà níbẹ̀ rí.

Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, aago mẹ́fà kọjá.
Tẹ́lẹ̀, ìró méjì ni: gbà, ẹ̀yìn náà, gbì.
Lónìí, gbì kan ṣoṣo.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, nínú òtútù,
ẹnìkan gbé òwú dúdú tuntun sí,
ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.