Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé,
bírò kan, abala ìwé mẹ́rin,
ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé kan ní Albuquerque,
níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ráhùn
ju àwa tó wá ráhùn lọ.

Eufemia Baca ló kọ́kọ́ dìde, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì ni wọ́n fọ́ fèrèsé rẹ̀,
wọn ò jí nǹkan kan
àfi owó ẹyọ inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, dọ́là mẹ́sàn-án.
"Gíláàsì tí wọ́n fọ́, ẹgbẹ̀rin dọ́là!
Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà.
Ṣé nọ́ńbà ni kí n fi dí ihò?"
A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Delbert Yazzie, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọdún mọ́kàndínlógún,
kò dìde, orúnkún ń dùn ún.
"Ọmọ tó wọkọ̀ mi láàárọ̀ láìsanwó,
mo mọ ibi tó ń lọ: ilé ìwé ni.
Ẹ mú un, kí ẹ ṣí fáìlì fún un ní kóòtù,
fáìlì yẹn á dàgbà jù ú lọ."
Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn:
"Ẹni tó fa ọ̀bẹ yọ sí ọ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"
Delbert wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.
"Ìyẹn," ó ní, "ó sanwó."

Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tan ìlà pupa sára ògiri,
ìlà gòkè, ìlà sọ̀ kalẹ̀,
ó ní ẹ̀rù wa kò bá ìlà náà rìn.
Bóyá. Ẹ̀rù kì í sáà kàwé.

Ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà níkorítà,
ọṣẹ ìfọyín ti wọ ẹ̀wọ̀n,
ó wà lẹ́yìn gíláàsì tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì.
Ẹni tó jí i ń rìn kiri,
àwa tó fẹ́ rà á là ń dúró de wọ́dà.

Wọ́n ní bí a bá bá olè wí,
ká bá oníṣu ẹ̀bá ọ̀nà wí.
Eufemia kò gbin iṣu.
Aṣọ ìdọ̀tí wa ló ń fọ̀.

"Ẹ ti gbogbo títì láago mẹ́wàá alẹ́!" bàbá kan wí.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún un kà.
Títì tí a bá tì, títí dìgbà wo?
Ta ni yóò wà nínú, ta ni yóò kù síta?

Nídìí kọfí ọ̀fẹ́, ọmọkùnrin kan
da ṣúgà mẹ́fà sínú ife.
Kò sọ̀rọ̀. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
N kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

A kò fẹnu kò. A sún un sí oṣù tó ń bọ̀.

Mo jáde, wọ́n ti tú iná iwájú kẹ̀kẹ́ mi lọ.
Inú bí mi débi pé
ká ní ìbò la fẹ́ dì ní ìṣẹ́jú yẹn,
ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ni ǹ bá dìbò fún.
Mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nínú òkùnkùn,
lórí títì tí a kò tíì tì,
Eufemia sì rọra ń fi mọ́tò tẹ̀lé mi,
ó ń tanná sí mi lẹ́sẹ̀
títí mo fi délé.