Òbúkọ Kékeré

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí Gàníyù alápatà tó tẹ́ ẹran sílẹ̀,
mo gbé àpò dúdú mi lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Làfẹ́nwá.
Mo ní, "Bá mi wọn èyí."
Ó nu ẹ̀jẹ̀ àná kúrò lójú òṣùwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín:
"Bàbá Fọ́tò, ṣé itan ni àbí ẹ̀dọ̀?"

Kámẹ́rà ńlá, lẹ́ńsì mẹ́ta,
irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, iná ìyàwòrán, bátìrì,
àti àkísà tí mo fi ń nu dígí.
Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sáré, ó kan mọ́kànlá, ó ń gbọ̀n.
Gàníyù ní odidi òbúkọ kékeré nìyẹn,
tí a ti bó tán.
Ogójì ọdún ni mo fi gbé òbúkọ kọ́rùn
gun Ìtókò, sọ̀ kalẹ̀ sí Ìjẹmọ̀,
tí mo ń pè é ní iṣẹ́.

Ẹ wo èjìká òsì mi.
Ó ti rọ̀ sílẹ̀ bí òrùlé páànù tí ikán ti jẹ igi àjà rẹ̀.
Bí mo bá wẹ̀ tán, tí n kò tíì wọ nǹkan kan,
ó ṣì ń tẹ̀, bí ẹni pé okùn wà níbẹ̀.
Nígbà tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ wà láyé, a máa fi òróró pa á lálaalẹ́,
a ní, "Ìwọ tí wọ́n bí sábẹ́ òkúta,
kí lo tún ń fi òkúta kọ́rùn ṣe?"
N kì í dá a lóhùn.
Mo rò pé kò mọ iṣẹ́ ni.

Mo yọ ìkejì jáde nínú àpò agbádá.
Tòkunbọ̀ ni, mo rà á ní Pánṣẹ́kẹ́, igun rẹ̀ kan ti họ.
Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ló ní, kò sì ṣe é yọ.
Abẹ́rẹ́ mira díẹ̀, ó padà jókòó.
Gàníyù ní, "Èyí ò tó ẹran ìkòkò àpọ́n."
Mo ní, "Ó tó mi dé Ìsẹ́yìn, ó tó mi dé Òkèhò,
ó tó mi dé Ṣakí,
kí ojú mi òsì tó tẹ̀lé èjìká rẹ̀."

Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì gígùn dùn mí.
Òun ni mo fi máa ń dúró lórí afárá,
tí mo ń fa àwọn tí ń fọ aṣọ lódò Ògùn sún mọ́ra,
ẹ̀rín wọn, asọ̀ wọn, ọmọ tó sùn sẹ́yìn wọn,
láì kí ẹnikẹ́ni pé ẹ kú iṣẹ́.
Ọgbọ́n ni mo pè é.
Ó ń jọ olè lójú mi báyìí,
olè tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé onílé.

Kékeré yìí kò ríran jìnnà.
Bó bá fẹ́ ojú rẹ, àfi kí n rìn wá bá ọ,
kí orúnkún mi dún, kí o gbọ́ ọ,
kí n kí ọ, kí o bi mí pé ọmọ ta ni mí,
kí o sì ní rárá.
Rárá náà kò wúwo.

Lálẹ́, mo kó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sínú àpò.
Mo yọ ọ́. Mo tún kó o padà. Mo tún yọ ọ́.
Mo fi gèlè Mọ́rẹ̀nikẹ́ bo kámẹ́rà ńlá nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Adébámbọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi ń wò ó bí ajá ṣe ń wo egungun.
N kò tíì fún un.
Èjìká rẹ̀ méjèèjì ṣì dọ́gba.

Ní gárèèjì, ọmọ ọkọ̀ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀ dè mí.
"Bàbá, ẹrù yín ńkọ́?"
Mo fọwọ́ lu àpò.
Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ìyókù.
Èmi náà wẹ̀yìn.