Orógùn

Iná ti lọ láti àárọ̀ ní Láfẹ́nwá.
A gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí àpótí,
bátìrì rẹ̀ ò lè pẹ́.
Ìbídùnní ní kí n wá jókòó ti òun:
"Àǹtí, ẹ wá wò ó, àpáta wa wà nínú sinimá náà."

Mo ti mọ àlọ́ ọ̀hún kí n tó mọ ilé ọkọ.
Ìyá àgbà a máa pa á fún wa ní Aké
bí a bá ń bó ẹ̀gúsí lálẹ́:
orogún ìyá rán ọmọ òrukàn
pé kó lọ fọ orógùn lódò Ògùn,
Ògùn gba orógùn, ó gbé e lọ,
orogún ní bí kò bá rí orógùn, kó má wọlé mọ́.
Ahọ́n ìyá àgbà kì í kọsẹ̀.
Tiwa ló máa ń ṣubú, àwa a sì bú sẹ́rìn-ín.

Sinimá yìí ò ní ẹ̀rín nínú.
Odò tí mo mọ̀, tó pọ́n bíi tíì lábẹ́ afárá,
wọ́n ti sọ ọ́ di ìkòkò aró Ìtòkú.
Ọmọ náà wọ inú rẹ̀ lọ, aṣọ rẹ̀ ò tutù.
Nísàlẹ̀, arúgbó kan kọ̀yìn sí i,
ó ní, "Wá bá mi họ ẹ̀yìn."
Ẹ̀yìn ọ̀hún, eyín ni.

Ìbídùnní di ọwọ́ mi mú. Kò mọ̀ pé òun dì í mú.

Lẹ́nu ìyá àgbà, ọmọ gbé igbá wálé, owó ló tú jáde.
Nínú eléyìí, orógùn nìkan ló wà nínú igbá,
ọwọ́ òkú ìyá rẹ̀ sì wà lára orógùn,
kò tíì jù ú sílẹ̀.
Ọwọ́ náà na ìka sí ìyàwó ilé,
ó ṣíwájú rẹ̀ gun àpáta.
Abẹ́ òkúta tó gba àwọn baba wa là lọ́jọ́ ogun,
òun ni wọ́n sọ di ẹnu.
Ó là. Ó padé.
Etí gèlè kan ṣẹ́kù síta, afẹ́fẹ́ ń fì í.

Ṣùgbọ́n kó tó padé, obìnrin náà bojú wẹ̀yìn.
Mo rí i: ojú ẹni tó jí ní aago mẹ́rin
kó lè gbé omi kaná fún ọmọ tí kò bí.

Bátìrì kú. Ilé ṣú.
Mo rántí ìkòkò tó jó lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá,
àti ohun tí mo sọ nípa ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, ọwọ́ yín tutù."
Ó dìde, ó ń wá àwo tí yóò fọ̀,
mo gbọ́ ìró orógùn nínú ìkòkò ọkà.
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, lọ sùn.

Omi dúdú nínú báàfù.
N kò tètè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.