Òwú Inú Ìbẹ́pẹ

Fadérera fi iyọ̀ àti ọṣẹ po ìbẹ́pẹ
ní yàrá sáyẹ́ǹsì, ní Yemẹtu,
ó sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì,
ó rọra da sípíríìtì tútù lé e.

Òwú funfun léfòó.
Ó fẹ́ jọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀.
"Ìwé ìran rẹ̀ nìyẹn," ni tíṣà wí,
"òun ni kò jẹ́ kó di ọsàn."

Ó gbé ìgò náà délé, l'Ókè Àrẹ̀mọ.
Ìyá àgbà wò ó títí:
"Èyí ni mo ti ń jẹ látọjọ́ yìí?
Nínú ẹ̀wà? Nínú tẹ̀tẹ̀?
Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin,
ewé kan ò hù létí mi!"

Ó bu ìbẹ́pẹ tó kù sẹ́nu.
Ikùn tú ìwé náà ní lẹ́tà lẹ́tà,
ara fi kọ tirẹ̀.

Kóró kan bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.
Ìyẹn ò gbàgbé ohunkóhun.